Ọwọ́ Yín Kọ́ Ló Ń Gbọ̀n: Ìtàn Ọfà Kékeré Ojú Kọ̀ǹpútà

Tí ẹ bá wà lára àwọn tó fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ náà rèé bí mo ṣe sọ ọ́ lórí ètò.

Orí ìpè kan ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀. Màámi pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé: project àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìbúra kóòtù, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Inú ẹ̀ ni owó iléèwé mi ti jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbàlagbà kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ olóògbé fẹ́ wá gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohùn Màámi kò dún bó ṣe máa ń dún. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ti ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ, ọfà kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà á kàn fò lọ síbòmíràn, ohun tí àwọn ń tẹ̀ á sì bọ́ sáàárín gbólóhùn tí kò kàn án. Orúkọ àkọ́bí olóògbé ti bọ́ sínú ẹsẹ Bíbélì. Àwọn á mú un padà, á tún fò.

Ẹ wá gbọ́ èsì tí ọmọ tó jáde yunifásítì fún ìyá rẹ̀: "Màámi, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ lọ sùn."

Ohun tí mi ò rántí ni pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ìyá tó bí Màámi lọ, ọwọ́ gbígbọ̀n ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Màámi kò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Dókítà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Síbẹ̀, fún odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọn ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ṣáájú kí ọwọ́ Màámi tó "bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n," kọ̀ǹpútà náà ti ṣe update. Kò sẹ́ni tó bi kọ̀ǹpútà léèrè ọ̀rọ̀. Ọwọ́ nìkan la dá lẹ́jọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká fi ìtàn dáhùn lónìí nìyí: kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tí ọfà ojú kọ̀ǹpútà bá ń ṣe wérewère, ọwọ́ ara wa la kọ́kọ́ máa ń fura sí?

Àpótí igi, táyà méjì, bọ́tìnnì kan

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Philippines pẹ̀lú ọmọ ogun ojú omi. Douglas Engelbart ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rádà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lójú rádà, àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré ló ń fi ibi tí nǹkan wà hàn, èèyàn á sì jókòó tì í, á máa wò ó. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà rí, Engelbart ti mọ̀ pé ẹ̀rọ lè ya nǹkan sójú gíláàsì fún ọmọ èèyàn.

Ó wá di òṣìṣẹ́ ní Stanford Research Institute, ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ California. Láyé ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà tóbi bíi yàrá. Orí káàdì oníhò ni àwọn èèyàn ń kọ iṣẹ́ sí, wọ́n á kó káàdì lọ, wọ́n á sì padà wá gba èsì tó bá yá. Engelbart ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí èèyàn jókòó níwájú ẹ̀rọ, kó máa bá a ṣiṣẹ́ lójúkojú.

Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti wà lójú gíláàsì, báwo lẹ ṣe máa tọ́ka sí ẹyọ kan nínú rẹ̀? Engelbart ya àwòrán ohun tó ní lọ́kàn. Lọ́dún 1964, ẹnjiníà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Bill English, fi igi kàn án. Táyà kékeré méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n dábùú ara wọn: ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì, èkejì fún òkè àti ìsàlẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lórí. Táyà kọ̀ọ̀kan ń yí nǹkan kan nínú àpótí náà tó jọ èyí tó máa ń wà nídìí bọ́tìnnì tí a fi ń yí ohùn rédíò sókè. Wáyà kan sì jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù. Nítorí ìrù yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní eku, ìyẹn mouse lédè wọn. Engelbart fúnra rẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Nínú ètò yìí, máòsì la óò máa pè é.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Wọn ò kàn gbé máòsì jáde kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Pẹ̀lú owó tí NASA fún wọn, wọ́n kó oríṣiríṣi ohun ìtọ́ka jọ, wọ́n sì dán wọn wò. Kálàmù oníná wà níbẹ̀, ọ̀pá joystick wà níbẹ̀, kódà èyí tí wọ́n fi orúnkún yí lábẹ́ tábìlì wà níbẹ̀. Wọ́n ka ìṣẹ́jú àáyá tó gba èèyàn láti tọ́ka sí ọ̀rọ̀, wọ́n sì ka iye ìgbà tó ṣì í. Nígbà tí iṣẹ́ ti mọ́ àwọn èèyàn lára, máòsì ló borí.

Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ka àṣìṣe. Tí ẹni tó di kálàmù mú bá ṣì í, wọ́n kọ àṣìṣe náà sí abẹ́ orúkọ kálàmù. Tí ẹni tó di ọ̀pá mú bá ṣì í, abẹ́ orúkọ ọ̀pá ló ń lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń dán wò. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé kó lọ sùn.

Ní December 9, 1968, Engelbart dúró níwájú nǹkan bí 1,000 èèyàn ní San Francisco. Fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ó fi máòsì yí ọ̀rọ̀ padà lójú gíláàsì, ó tẹ ìjápọ̀, ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Menlo Park ṣiṣẹ́ lórí fídíò, nígbà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, ní nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà síbẹ̀. Lọ́dún 1970 ni ìwé àṣẹ-ìdásílẹ̀ rẹ̀ jáde. Iléeṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún ló ni ìwé náà. Engelbart kò rí kọ́bọ̀ kan gbà lórí máòsì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tà káàkiri àgbáyé títí tó fi kú lọ́dún 2013.

Bọ́ọ̀lù dé

Kí a má bàa rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, àwọn ará Jámánì náà wà níbẹ̀. Ní October 2, 1968, ó lé díẹ̀ ní oṣù méjì kí Engelbart tó ṣe àfihàn rẹ̀, iléeṣẹ́ Telefunken polówó ohun kan tí wọ́n ń pè ní Rollkugel. Ó jọ àwo kékeré tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, bọ́ọ̀lù kan ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ dípò táyà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Kánádà pàápàá ti ní ẹ̀rọ kan lọ́dún 1952 tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí bọ́ọ̀lù orí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń ṣeré ni wọ́n sì lò.

Lọ́dún 1971, Bill English fi Engelbart sílẹ̀, ó lọ sí ibi ìwádìí iléeṣẹ́ Xerox ní Palo Alto. Níbẹ̀ ni òun náà ti gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ máòsì. Níbẹ̀ náà ni ọfà ti tẹ̀. Lọ́dọ̀ Engelbart, ọfà dúró ṣánṣán, ó kọjú sókè. Ní Xerox, àmì ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ní láti fi yà á kéré, ọfà tó dúró ṣánṣán kò sì hàn dáadáa. Wọ́n dà á tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà yín.

Lọ́dún 1978, English àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Stuart Card àti Betty Burr, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n tún ka ìṣẹ́jú àáyá. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Paul Fitts ti fi ìṣirò hàn lọ́dún 1954 bó ṣe máa ń pẹ́ ọwọ́ ọmọ èèyàn tó láti dé ibi tó ń lọ: bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà sí tó, àti bó bá ṣe kéré tó. Nígbà tí Card àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé máòsì lé ìṣirò yìí, ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe máòsì ló ń fa èèyàn sẹ́yìn mọ́. Ibi tí agbára ọwọ́ àti ọpọlọ fúnra wọn mọ ni máòsì náà dé. Ohun èlò mìíràn tó bá máa yára jù ú lọ gan-an ṣòroó rí.

Ìdáhùn ìbéèrè wa wà nínú ìwádìí yẹn. Máòsì dára débi pé a gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Tí mo bá fẹ́ tọ́ka sí nǹkan, mi ò ní ronú pé "mo fẹ́ ti ike yìí síwájú." Mo kàn lọ síbẹ̀ ni. Ọfà ti di ọmọ ìka mi. Tí ọmọ ìka mi bá wá ń fò sókè sódò, ta ni mo máa fura sí?

Ìgbà tí àléébù ṣì hàn sójú

Ní December 1979, Steve Jobs ti iléeṣẹ́ Apple wo ohun tí Xerox ń ṣe. Ó fẹ́ máòsì, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní Xerox wọ́n, ó sì tètè ń bàjẹ́. Ó gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Dean Hovey. Nínú ohun tí Hovey kọ́kọ́ fi gbìyànjú ni bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́nu òórùn abíyá oníyíyí àti ìdérí àwo bọ́tà. Ní January 1983, Apple gbé kọ̀ǹpútà Lisa jáde pẹ̀lú máòsì. Owó rẹ̀ jẹ́ $9,995. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Macintosh jáde ní $2,495. Láti ibẹ̀ ni máòsì ti di ti gbogbo ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá lo máòsì oníbọ́ọ̀lù rí, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀lù á kó eruku láti orí tábìlì, eruku á lẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀pá kékeré inú rẹ̀, ọfà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Màámi nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń tú u. Ẹ yí òrùka abẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù á já sọ́wọ́ yín, ẹ fi èékánná ha ìdọ̀tí kúrò, ẹ dá a padà. Ó tán. Láyé ìgbà yẹn, àléébù ṣeé fọwọ́ kàn. Kò sẹ́ni tó máa rí ìdọ̀tí yẹn tó máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò.

Lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Richard Lyon ní Xerox àti Steve Kirsch ní MIT, oníkálukú ní ààyè tirẹ̀, ti ṣe máòsì oní-ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orí pátákó àkànṣe nìkan ni wọ́n lè ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1999, Microsoft gbé IntelliMouse Explorer jáde. Kámẹ́rà kékeré ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń ya àwòrán orí tábìlì ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń fi èyí tó yà tẹ̀lé èyí tó ti yà wéra, ibẹ̀ ló ti ń mọ apá ibi tí ọwọ́ yín gbà. Ìdí nìyí tí máòsì fi máa ń ya wèrè lórí tábìlì onígíláàsì: kámẹ́rà náà kò rí àmì kankan tó lè dì mú.

Eruku lọ, bọ́ọ̀lù lọ. Àmọ́ láti ìgbà náà, àléébù ti ṣí kúrò níbi tí èékánná ti lè dé e.

Ògbufọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ lóru

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: máòsì kò mọ ibi tí ọfà wà. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọfà kan wà. Ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà kò ju "mo lọ sọ́tùn-ún díẹ̀, mo lọ sókè díẹ̀." Ẹlòmíràn ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó ń pinnu ohun tí ọfà máa ṣe. Ẹni náà ni wọ́n ń pè ní driver.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn mú yín ronú nípa dírẹ́bà ọkọ̀. Ògbufọ̀ ló jọ. Ẹ ti lọ sí ìsọjí rí, níbi tí oníwàásù àlejò ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnì kan sì dúró tì í tó ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Tí ògbufọ̀ bá dáńtọ́, ẹ ó gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìwàásù, tí ẹni tuntun sì ń sọ ohun tí oníwàásù kò sọ, ìjọ á máa wo oníwàásù bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bẹ́ẹ̀, oníwàásù kò ṣe nǹkan kan.

Ògbufọ̀ ló ń pinnu bí ọfà ṣe máa yára tó. Tí ẹ bá fi máòsì lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó lè mú ọfà lọ jìnnà ju ìgbà tí ẹ bá rọra tì í gba ibi kan náà. Ògbufọ̀ náà ló ń pinnu bóyá ohun tó kan pátákó ìfọwọ́kàn láǹtọ́ọ̀pù jẹ́ ọmọ ìka tó fẹ́ ṣiṣẹ́, tàbí àtẹ́lẹwọ́ tó kàn fara kàn án. Ọwọ́ kan náà ni o, ìpinnu ló yàtọ̀.

Update sì lè pààrọ̀ ògbufọ̀ yìí nígbà tí ẹ bá ń sùn.

Àtúnṣe kì í ṣe ohun tuntun. Láyé káàdì àti téèpù oníhò, tí ihò kan bá wà níbi tí kò yẹ, wọ́n á gé bébà kékeré, wọ́n á fi lẹ ojú ihò náà pa, bí fọkanáísà ṣe ń lẹ túùbù. Ibẹ̀ ni orúkọ patch ti wá. Ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ ihò tó ń dí. Lọ́dún 1998, Windows 98 mú Windows Update wá, àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Láti October 2003, Microsoft sọ ọjọ́ Tuesday kejì nínú oṣù di ọjọ́ àtúnṣe. Nígbà tí Windows 10 dé ní July 2015, ti àwọn tó ń lò ó nílé di ohun tó ń wọlé fúnra rẹ̀, yálà wọ́n pè é tàbí wọn ò pè é.

Ìdí wà fún un. Ní May 2017, kòkòrò ayélujára WannaCry ti àwọn kọ̀ǹpútà pa ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àtúnṣe tó lè dí ọ̀nà rẹ̀ ti jáde láti March ọdún yẹn. Àwọn tí kò tíì gbà á wọlé ló fara kó o. Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún update.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà lè ba ohun tó dára jẹ́. Ní October 2013, Windows 8.1 jáde. Láìpẹ́, àwọn tó ń ṣe géèmù figbe ta: máòsì ń fà, ọfà ń fò, ìbọn kò lọ síbi tí wọ́n tọ́ ọ sí. Wọ́n pààrọ̀ máòsì, wọ́n pààrọ̀ pátákó abẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, kí bátìrì lè pẹ́ sí i, àwọn tó ṣe é ti yí bí ẹ̀rọ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ máòsì padà: dípò kó máa jíṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn jọ, ó ń jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ẹni tó ń ka email, kò sí ìyàtọ̀. Fún ẹni tó ń ṣe géèmù, wàhálà ni. Ní November, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún àtúnṣe náà.

Ẹ wo ohun tó gbà wọ́n là. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì rí ara wọn. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ní ọwọ́ àwọn ń fò lọ́sẹ̀ kan náà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọwọ́ ni. Màámi dá nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni.

Ọwọ́ Màámi

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo wọlé dé. Mo jókòó nídìí láǹtọ́ọ̀pù náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà kan. Mi ò tíì parí ìlà kejì tí ọfà fi fò.

Ara mi kọ́kọ́ balẹ̀. Ìtìjú ló tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti gé ohùn àti fídíò, ojoojúmọ́ ni mo wà pẹ̀lú ọfà yìí.

Mo wo àkọsílẹ̀ update, mo rí ọjọ́ náà. Update ti yọ ògbufọ̀ tí iléeṣẹ́ tó ṣe pátákó ìfọwọ́kàn náà kọ, ó fi ti gbogbogbòò rọ́pò rẹ̀. Èyí àtijọ́ mọ̀ pé tí èèyàn bá ń tẹ ọ̀rọ̀, kí òun má ka àtẹ́lẹwọ́ sí. Èyí tuntun kò mọ̀. Láti ọdún 1994 tí Apple ti fi pátákó ìfọwọ́kàn sínú láǹtọ́ọ̀pù PowerBook ni irú rẹ̀ ti wà níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ń sinmi lé. Ọgbọ́n ògbufọ̀ nìkan ló ń yọ wá. Màámi a sì máa gbé ọwọ́ lé ibẹ̀ bí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí táípúráítà.

Mo pa pátákó náà, mo ki máòsì bọ̀ ọ́, mo ní kí wọ́n tẹ nǹkan kan. Wọ́n tẹ odindi ojú ewé kan. Ọfà kò mira.

Mo ní, "Màámi, ẹ ò rí i? Ọwọ́ yín kọ́."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n yí i padà, wọ́n wò ó lẹ́yìn. Wọ́n wá ní, "Ìwọ lo ṣáà ní kí n lọ sùn."

Ohun tí ẹ lè ṣe

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín tàbí sí èèyàn yín, bí mo ṣe máa ń wá ìdí rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ yá ọwọ́ ẹlòmíràn. Tí ọfà bá fò lọ́wọ́ òun náà, ọwọ́ yín bọ́ nínú ẹjọ́.

2. Ẹ yẹ ohun tó ṣeé fojú rí wò. Ẹ fi bébà funfun sábẹ́ máòsì, ẹ nu ojú kámẹ́rà abẹ́ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ẹ kì í bọ ojú ihò USB mìíràn.

3. Tó bá jẹ́ láǹtọ́ọ̀pù, ẹ yọ máòsì kí ẹ lo pátákó nìkan, lẹ́yìn náà kí ẹ pa pátákó kí ẹ lo máòsì nìkan. Ẹ ó mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ ọfà níyà.

4. Ẹ yọ ṣájà. Ṣájà tí kò dára lè mú kí pátákó ìfọwọ́kàn máa rò pé ọmọ ìka wà níbi tí kò sí. Tí ọfà bá farabalẹ̀ lórí bátìrì nìkan, ṣájà lọ̀daràn.

5. Ẹ wo ọjọ́ tí update wọlé. Tó bá bá ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ mu, tó sì jẹ́ Windows, ẹ lọ sí Device Manager, ẹ wá máòsì tàbí pátákó náà, ẹ ṣí Properties, ẹ tẹ Driver, ẹ wo Roll Back Driver. Ìyẹn á dá ògbufọ̀ àtijọ́ padà. Tí kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ lọ gba èyí tó bá láǹtọ́ọ̀pù yín mu lórí ojúlé iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ọfà lè pòórá lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ má fòyà, Tab àti Enter á gbé yín débẹ̀.

6. Ẹ wo bí ọfà ṣe ń yára nínú Settings. Update lè ti yí i padà láìsọ fún yín.

7. Ẹ má pa update títí láé. Ẹ rántí WannaCry. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ oníbàárà bá wà lọ́wọ́ yín tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́la, ẹ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà níbẹ̀.

Tí gbogbo èyí bá kùnà, tí ife omi náà sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, ẹ lọ rí dókítà kíákíá. Mi ò sọ pé ara kì í ṣàìsàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì kí a tó dájọ́.

Nínú ìdánwò tí NASA sanwó fún yẹn, àwọn tó ṣe máòsì mọ̀ pé tí èèyàn bá ṣì í, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ló gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí àwọn òbí ń pè láti bá wọn wo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sọ pé "ẹ rọra," ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: "Ṣé ó ṣe update?"

Màámi ti ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn padà. Oníbàárà tó gbé ìwé ìsìnkú lọ síbòmíràn kò tíì padà wá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, káàdì ìgbéyàwó 200 ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní kí n má pe àwọn títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní ìyá tó ń lo kọ̀ǹpútà. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa rọra o.